Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Kábọ́ọ̀nù Kù Nínú Iṣẹ́ Ìkọ́lé: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ọ̀nà Àlòtúnlò

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òǹkàwé kì í yé bi wá: "Mo fẹ́ kọ́ ilé, mo sì fẹ́ kí kábọ́ọ̀nù tí iṣẹ́ náà yóò tú sínú afẹ́fẹ́ mọ níwọ̀n. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń rí gbà kò ju pé kí wọ́n ra gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, tàbí kí wọ́n gbé páànẹ́lì tí ń gba agbára oòrùn sórí òrùlé. Ìmọ̀ràn wọ̀nyẹn dára, ṣùgbọ́n wọn kò kan kábọ́ọ̀nù (ìyẹn gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tí ń mú kí ayé gbóná) tí ó ti jáde kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù wọ ilé náà, ìyẹn èyí tí ó ti ẹnu iná ìléru sìmẹ́ńtì, ti irin àti ti bíríkì jáde. Èyí gan-an ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí. Ó wà fún onílé tí ń fi owó ara rẹ̀ kọ́lé, ó sì wà fún kọngílá, ayàwòrán ilé àti ẹnjinníà tí àwọn ẹlòmíràn gbé iṣẹ́ fún.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí kábọ́ọ̀nù ti ń wá

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń mójú tó ètò àyíká ṣírò rẹ̀ pé, ní ọdún 2021, kíkọ́ ilé àti lílo ilé ló fa nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tí ó jáde láti ara lílo agbára àti iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ lágbàáyé. Sìmẹ́ńtì nìkan ń fa nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú jáde.

Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ẹ lóye gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun nínú iná ìléru tí ooru rẹ̀ tó 1,450°C kí wọ́n tó rí sìmẹ́ńtì ṣe. Bí òkúta náà ṣe ń jóná ni kábọ́ọ̀nù tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń tú jáde. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù tí sísun náà ń fà ló ń ti inú òkúta fúnra rẹ̀ wá, ìyókù ló ń ti ara ohun tí wọ́n fi dáná. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ fi iná tí kò ní èéfín rárá sun ún, èyí tí ó ju ìdajì lọ yóò ṣì jáde. Ohun tí ó kù fún ẹni tí ń kọ́lé ni pé kí ó lo èyí tí ó kéré, tàbí kí ó má lò ó níbi tí kò pọn dandan.

Ti irin yàtọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá yọ tọ́ọ̀nù irin kan láti inú òkúta irin pẹ̀lú èédú, nǹkan bí tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì méjì ni yóò bá a jáde. Bí wọ́n bá yọ́ àlòkù irin nínú ìléru oníná mànàmáná, yóò kéré sí èyí gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù sọ́wọ́ bí wọ́n ṣe rí iná mànàmáná náà. Ti alumíníọ̀mù tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: yíyọ́ àlòkù rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ṣíṣe tuntun ń gbà.

## Ìlànà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dojú rẹ̀ bolẹ̀

Ọ̀nà àlòtúnlò ní ipò tí ó tò sí, láti orí èyí tí ó ń dín kábọ́ọ̀nù kù jù lọ:

1. Ẹ dá ohun tí ó ti wà lórí ìdúró sí.
2. Ẹ mú ẹ̀yà ilé lódindi, kí ẹ sì lò ó bí ó ṣe wà.
3. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó lò ó.
4. Ẹ lọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ yọ́ ọ, kí ẹ fi ṣe nǹkan mìíràn.
5. Ẹ kó o dànù, nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Orí ipò kẹrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn ti ṣe àlòtúnlò. Bíríkì tí ẹ gbé láti ara ògiri kan sí òmíràn ṣì ń ṣiṣẹ́ bíríkì, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti dáná sun òmíràn dípò rẹ̀. Bíríkì kan náà, tí ẹ bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí ẹ fi dí kòtò, iṣẹ́ yanrìn ló ń ṣe báyìí, gbogbo iná tí wọ́n fi sun ún sì ti ṣòfò. Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú ṣinṣin, nítorí òun ni òpó tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wádìí bóyá kíkọ́ tuntun pọn dandan

Bí ilé kan bá ti wà lórí ilẹ̀ náà, ẹ má ṣe pe ẹni tí yóò wó o kí ẹ tó pe ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpìlẹ̀, òpó, bíìmù àti dẹ́kì kọnkéré ni kábọ́ọ̀nù pọ̀ sí jù nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwọn yìí kan náà ló sì máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó bàjẹ́. Ohun tí ó sábà máa ń sú onílé nínú ilé àtijọ́ ni òrùlé tí ń jò, yàrá tí ó há, wáyà iná tí ó ti gbó àti fèrèsé tí kò gba afẹ́fẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣeé pààrọ̀ láìfọwọ́ kan egungun ilé.

Àpẹẹrẹ ńlá kan wà ní ìlú Sydney lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ilé gogoro kan di Quay Quarter Tower, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 2022, wọn kò wó ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òpó, bíìmù àti dẹ́kì rẹ̀ sí, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù 12,000 ni èyí mú kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ bi ẹnjinníà ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ lórí ìwé:

- Ṣé ìpìlẹ̀ yìí lè gba àjà kan sí i, àbí kò lè gbà ju èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ?
- Ògiri wo ló ń gbé ilé ró, èwo ló kàn ń pín yàrá?
- Bí ibì kan kò bá lágbára tó, ṣé a lè fún ibẹ̀ nìkan lágbára?
- Ṣé irin inú kọnkéré ti ń dípẹtà?

Ìkìlọ̀: Ẹ kò gbọ́dọ̀ dá ilé sí lórí ìfẹ́ ọkàn. Bí ẹnjinníà bá sọ pé ilé náà léwu, ẹ gbà, kí ẹ sì bọ́ sí ìgbésẹ̀ kejì.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka gbogbo ohun tí ilé náà ní

Kí òòlù kankan tó kan ògiri, ẹ gbé ìwé àti tépù dání, kí ẹ sì máa wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Fún ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀, gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ara ilé, bí ara rẹ̀ ṣe rí, àti ibi tí yóò lọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ibi tí yóò lọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò bá ní ibi tí ó ń lọ, ààtàn náà ló ń lọ.

Àyẹ̀wò méjì kan wà tí kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá. Èkíní ni ti férémù fèrèsé àti ìlẹ̀kùn onígi. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kékeré gún igi náà ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí omi òjò máa ń dúró sí. Bí ọ̀bẹ bá kọ̀ láti wọlé, igi náà ṣì le. Bí ó bá wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan, ó ti jẹrà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí apá òkè rẹ̀ ṣì dára, kí káfíńtà sì gé ti ìsàlẹ̀ kúrò.

Èkejì ni ti bíríkì. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha ohun tí wọ́n fi lẹ bíríkì kan mọ́ èkejì. Bí ó bá ń dà wuruwuru bí ìyẹ̀fun, ẹfun àti yanrìn ni wọ́n fi mọ ọ́n. Bíríkì yóò jáde ní odindi, ẹ ó sì fi ẹnu òòlù ha ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìha nǹkan kan, sìmẹ́ńtì ni, bíríkì ni yóò sì kọ́kọ́ fọ́ kí sìmẹ́ńtì tó yẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ìlú Copenhagen, nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé gbígbé tí wọ́n ń pè ní Resource Rows, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ àwọn bíríkì àtijọ́ tí wọ́n rí. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi gé ògiri náà ní ìwọ̀n bíi mítà kan níbùú lóròó, wọ́n sì to àwọn ègé náà sára ilé tuntun bí ẹni to táìlì.

Ìkìlọ̀ lórí ohun tí ó léwu: Ilé àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú páànù alásìmẹ́ńtì, nínú síléènì àti nínú ohun tí wọ́n fi wé páìpù. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé. Igi tí wọ́n fi oògùn kòkòrò kun lè ní májèlé nínú. Ẹ má ṣe fọ́, ẹ má ṣe gé, ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ohunkóhun tí ẹ bá fura sí. Ẹ pe ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò àti láti kó o. Kò sí kábọ́ọ̀nù tí a fẹ́ dín kù tí ó tó ẹ̀dọ̀fóró òṣìṣẹ́ kan.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tú ilé, ẹ má ṣe wó o

Ohun tí wọ́n fi sí gbẹ̀yìn nígbà kíkọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde nígbà títú.

1. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gé iná, omi àti gáàsì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn ti gé e.
2. Ẹ kó ohun tí ó léwu jáde lọ́nà tí a ti sọ lókè.
3. Ẹ yọ ìlẹ̀kùn, fèrèsé, kọ́bọ́ọ̀dù, bàsíà àti gbogbo ohun tí ó ṣeé fọwọ́ yọ.
4. Ẹ fa wáyà àti páìpù yọ, kí ẹ ya kọ́pà sọ́tọ̀.
5. Ẹ tú síléènì, lẹ́yìn náà páànù òrùlé, lẹ́yìn náà igi òrùlé, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.
6. Ẹ tú ògiri tí kò gbé nǹkan ró.
7. Bíìmù, òpó àti dẹ́kì ló kẹ́yìn, lójú ẹnjinníà.

Títú ilé gba àkókò ju wíwó lọ, ó sì gba ọwọ́ púpọ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọjọ́ títú sínú ìwé àdéhùn, kọngílá yóò gbé katapílà wá nígbà tí ọjọ́ bá ń lọ, ẹ kò sì ní lè bá a wí.

Ibi ìkópamọ́ ni ìṣòro tó ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere jẹ́. Mo ti rí pákó tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n fara balẹ̀ tú, tí òjò wá jẹ nítorí pé orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n kó o sí. Ẹ gbé igi sókè kúrò nílẹ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìpele kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ bo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wé e pinpin. Ẹ yọ ìṣó kúrò lára igi lọ́jọ́ tí ẹ tú u. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ohun tí yóò padà sí ipò kan pàtó.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe ìṣirò, kí ẹ má baà tan ara yín

Ìṣirò náà kò le: iye ohun èlò, ní ìlọ́po iye kábọ́ọ̀nù tí kìlógíráàmù kan rẹ̀ ń tú. Iye kejì yìí wà nínú ìwé tí àwọn tó ń ṣe ohun èlò ń gbé jáde, tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ sí EPD, ó sì wà nínú àkójọ iye kábọ́ọ̀nù ohun èlò tí wọ́n ń pè ní ICE, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Bath ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní ìpìlẹ̀ kan yóò gba kọnkéré kúbíìkì mítà 10, tí wọ́n sì fẹ́ fi sìmẹ́ńtì kìlógíráàmù 350 sínú kúbíìkì mítà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo sìmẹ́ńtì náà jẹ́ kìlógíráàmù 3,500. Bí kìlógíráàmù sìmẹ́ńtì lásán kan bá ń tú nǹkan bíi 0.9 kìlógíráàmù kábọ́ọ̀nù, a ti ní 3,150. Ká wá ní ẹnjinníà rí i pé sìmẹ́ńtì 300 ti tó fún kúbíìkì mítà kan, tí ó sì gbà kí ìdàrọ́ irin (ìyẹn pàǹtí tí ó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá yọ irin láti inú òkúta rẹ̀) tí wọ́n ti lọ̀ kúnná rọ́pò ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Sìmẹ́ńtì kù sí 2,100, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì jẹ́ 1,890. Ìdàrọ́ 900 yòókù kò lè fi ju nǹkan bí 90 kún un. Ó ti dín ní kìlógíráàmù tí ó lé ní 1,100 láìyí bí ilé náà ṣe rí padà.

Ẹ ṣírò ọkọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń tú nǹkan bíi 0.1 kìlógíráàmù lórí tọ́ọ̀nù ẹrù kan fún kìlómítà kan. Tọ́ọ̀nù bíríkì tuntun kan gba nǹkan bíi 200 kìlógíráàmù láti ṣe. Bí ẹ bá gbé àlòkù bíríkì rìn ní kìlómítà 200, 20 péré ni ọkọ̀ yóò tú, nítorí náà èrè ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Òkúta wẹ́wẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Tọ́ọ̀nù tuntun rẹ̀ kì í sábà gbà ju kìlógíráàmù mélòó kan lọ, kò tó mẹ́wàá. Bí ẹ bá gbé kọnkéré fífọ́ láti ibi tí ó jìn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ wá rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ ti jẹ gbogbo èrè náà tán.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dojú kọ sìmẹ́ńtì

Bí agbára yín kò bá tó ju ohun kan ṣoṣo lọ nínú ilé tí ẹ ń kọ́ tuntun, èyí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ mú.

- Ẹ béèrè agbára kọnkéré tí ó bá ibi kọ̀ọ̀kan mu. Kọnkéré tí yóò gbé òpó ró kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà inú ọgbà. Àṣà kí wọ́n máa po gbogbo rẹ̀ ní ọ̀nà kan náà ń fi sìmẹ́ńtì ṣòfò.
- Ẹ bi ẹnjinníà bóyá dẹ́kì náà lè fẹ́lẹ́ sí i, tàbí kí ó ní ihò nínú, níbi tí ẹrù kò ti pọ̀.
- Ẹ fi ohun mìíràn rọ́pò apá kan sìmẹ́ńtì. Ìdàrọ́ irin lílọ̀ lè rọ́pò ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eérú èédú láti ilé iṣẹ́ mànàmáná sábà máa ń rọ́pò ìdá 20 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún.
- Ẹ fún un ní àkókò. Kọnkéré tí ó ní ìdàrọ́ tàbí eérú kì í tètè le bí ti sìmẹ́ńtì lásán. Ẹ bi ẹnjinníà bóyá a lè wọn agbára rẹ̀ ní ọjọ́ 56 dípò ọjọ́ 28, ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ tí ó pọ̀ sí i, ẹ má sì tètè yọ pákó tí ẹ fi gbé e ró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta ìdàrọ́ kì í sọ. Ìdàrọ́ tí ó dára kò pọ̀ láyé, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń lò ó tán. Bí ẹ bá gbé e láti ọ̀nà jíjìn wá, ó lè jẹ́ pé ẹ kàn gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí yóò padà sí sìmẹ́ńtì lásán ni. Amọ̀ sísun ló ní ọjọ́ iwájú jù lójú tèmi. Sìmẹ́ńtì LC3, tí àwọn onímọ̀ yunifásítì EPFL ní Switzerland ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Íńdíà àti Kúbà, ń fi amọ̀ sísun àti ẹfun tútù tí wọn kò sun rọ́pò nǹkan bí ìdajì ohun tí ó ń ti inú ìléru gbígbóná jáde. Nǹkan bíi 800°C ni wọ́n fi ń sun amọ̀ náà, kò sì ní kábọ́ọ̀nù nínú bí ti òkúta ẹfun. Ó lè dín kábọ́ọ̀nù kù tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá rí i rà nítòsí, ẹ rà á.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá àlòkù kí ẹ tó ya àwòrán

Àwọn ayàwòrán tí wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ń pè ní K118 ní ìlú Winterthur, Switzerland, tí ó parí ní 2021, kò ya àwòrán tán kí wọ́n tó wá ohun èlò. Wọ́n kọ́kọ́ wá irin, fèrèsé àti àtẹ̀gùn láti ara ilé tí wọ́n ń tú, wọ́n sì ya ilé náà yí wọn ká. Kábọ́ọ̀nù ìkọ́lé rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ilé tí gbogbo nǹkan rẹ̀ bá jẹ́ tuntun. Ẹni tí ó ti ya ojú fèrèsé tán kò lè rí àlòkù tí yóò bá a mu géérégé, nígbà tí ẹni tí ó ti ra fèrèsé lè ya ojú rẹ̀ bí ó ti wù ú.

Igi: Ẹ wo bóyá ikán tàbí kòkòrò mìíràn ti jẹ ẹ́. Èyí tí yóò gbé òrùlé ró gbọ́dọ̀ kọjá lójú ẹni tí ó mọ agbára igi.

Ìtì irin: Èyí tí ó tọ́, tí ìpẹtà kò jẹ wọnú, tí iná kò sì jó rí ló dára. Ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní ilé àyẹ̀wò kí ẹnjinníà tó fi sínú ìṣirò rẹ̀.

Irin inú kọnkéré: Ìkìlọ̀ ńlá rèé. Ẹ kò gbọ́dọ̀ na ọ̀pá irin tí wọ́n fà yọ láti inú kọnkéré tí wọ́n fọ́, kí ẹ tún un fi sínú òpó tàbí bíìmù tuntun. Irin tí ó ti tẹ̀ tí wọ́n wá nà ti rẹ̀ láti inú, ó sì lè já láìfi àmì hàn. Ẹ tà á fún àwọn tí yóò yọ́ ọ.

Kọnkéré fífọ́: Ó dára lábẹ́ ojú ọ̀nà, lábẹ́ ilẹ̀ ilé àti fún ìdíkòtò. Bí ẹ bá fẹ́ fi sínú kọnkéré tuntun, ẹ mọ̀ pé ó ń fa omi ju òkúta lọ. Ẹ rin ín kí ẹ tó pò ó, ẹ má sì ṣe tìtorí pé ó gbẹ kí ẹ wá da sìmẹ́ńtì púpọ̀ sí i lé e.

Wáyà àti ohun èlò iná: Ẹ má ṣe tún wọn lò. Ẹ kó kọ́pà wọn fún yíyọ́.

Gíláàsì: Fèrèsé onígíláàsì ẹyọ kan lè má yẹ fún ara ìta ilé níbi tí òtútù tàbí ooru ti pọ̀, ṣùgbọ́n ó dára fún pípín yàrá nínú.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ́ èyí tí ó ṣeé tú

Ìlànà ISO 20887, tí àjọ ISO tó ń ṣètò ìlànà iṣẹ́ fún gbogbo àgbáyé gbé jáde ní 2020, dá lórí èyí, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò ju pé kí ẹni tí yóò tú ilé náà lọ́la lè tú u láìfọ́ ọ.

- Ẹ lo bóòtù dípò kí wẹ́dà jó irin pọ̀.
- Ẹ lo ìṣó tí a ń yí wọlé dípò gọ́ọ̀mù.
- Ẹ fi ẹfun àti yanrìn mọ bíríkì níbi tí ẹnjinníà bá ti gbà.
- Ẹ má ṣe ri páìpù àti wáyà sínú kọnkéré. Ẹ fún wọn ní ọ̀nà tiwọn.
- Ẹ lo ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ fún ìlẹ̀kùn, fèrèsé àti páànù.

Kí ẹ sì kọ ìwé ìdánimọ̀ ohun èlò. Ẹ kọ ohun tí ẹ lò, ibi tí ẹ ti rà á, agbára rẹ̀, ibi tí ó wà nínú ilé àti bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́. Ìtì irin tí kò ní ìwé, olówó iyebíye ni àyẹ̀wò rẹ̀ yóò jẹ́ lọ́la. Èyí tí ó ní ìwé ṣeé mú lò tààrà.

## Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó wó ilé tí ó ṣì le kí wọ́n lè kọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní ilé aláìléèéfín. Ilé tuntun náà yóò máa fi iná díẹ̀díẹ̀ pamọ́ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù kíkọ́ rẹ̀ ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí iná tí ó ń pa mọ́ tó dí i.

Òmíràn ni kíka kọnkéré fífọ́ sí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù. Ó ń dá ilẹ̀ sí kúrò lọ́wọ́ wíwa òkúta, ó sì ń dín ààtàn kù, èyí tí ó dára lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ni kábọ́ọ̀nù inú kọnkéré wà, òkúta kọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún rírà ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà àti káfíńtà ka ohun tí wọ́n nílò fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kó sìmẹ́ńtì sí ibi tí omi kò ti lè dé, kí ẹ sì ní ibi ìkósí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àjẹkù igi, irin àti kọnkéré. Bí wọ́n bá ti dàpọ̀, kò sẹ́ni tí yóò yà wọ́n.

## Bí apá yín kò bá ká gbogbo rẹ̀

Ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò lè yí àwòrán padà mọ́ ṣì lè bá ẹnjinníà sọ̀rọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tí yóò wọ dẹ́kì tó kù. Ẹni tí òfin ìlú rẹ̀ kò gba àlòkù láàyè nínú ohun tí ń gbé ilé ró lè lò ó fún ìlẹ̀kùn, ilẹ̀ yàrá, kọ́bọ́ọ̀dù, ọgbà àti ògiri tí ń pín yàrá. Ẹni tí kò ní ibi ìkópamọ́ lè bá ẹni tí ń tú ilé lọ́wọ́ ṣàdéhùn kí ó gbé ohun èlò wá ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó gan-an, ṣùgbọ́n kí ó san owó àsansílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Ẹni tí kò sì rí àlòkù kankan nítòsí lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbésẹ̀ keje, nítorí pé ilé tí ó ń kọ́ yìí náà ni ẹlòmíràn yóò ti wá bíríkì àti ìtì irin tirẹ̀ ní ọjọ́ kan.